Ẹni Tó Bá Gbé Ìbọn Lé Ọ̀dọ́ Lọ́wọ́, Kó Sọ Ẹni Tí Yóò Gbà Á Padà

Àwọn àgbà ló sọ pé ọjà Ọ̀yìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Àwa tá a wà ní agbègbè yìí mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Bí ìyá aláta kan ò bá pàtẹ lónìí, ẹlòmíì á ti gba àyè rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Rélùwéè tó ń ti Agbádó bọ̀ á já èrò sílẹ̀, èrò á rọ́ wọ ọjà, kò sì sẹ́ni tí yóò béèrè ẹni tó kù. Ẹni tó bá rò pé nǹkan ò lè lọ lẹ́yìn òun la máa ń fi òwe yìí bá wí. Ṣùgbọ́n ogun ni mo fẹ́ fi òwe náà wò lọ́sẹ̀ yìí. Ogun náà ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Orúkọ ọ̀gágun á wà lára títì àti pápákọ̀ òfurufú, àmọ́ ọmọ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ forúkọ sílẹ̀ tí kò padà wálé, ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé kò wá.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ ogun wá ni pé gbogbo ìlú ló ń pariwo ìbọn báyìí. Àwọn ajínigbé ò jẹ́ ká sùn, àgbẹ̀ ń sá fún oko rẹ̀, awakọ̀ ń gbàdúrà kó tó gba ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ ń gbà lóru láìfòyà. Nítorí náà làwọn èèyàn ṣe ń sọ pé kí wọ́n gbé ìbọn gidi fún Àmọ̀tẹ́kùn, kí wọ́n gba fijilanté síi, kí wọ́n gba àwọn ọdẹ sí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó, kí gómìnà kọ̀ọ̀kan sì ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Mi ò lòdì sí i o. Ẹni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ 5, oṣù kẹfà, 2022, kò ní sọ pé kí ìlú káwọ́ gbera. Ogójì èèyàn ló kú níbi tí wọ́n ti ń sin Ọlọ́run wọn.

Àmọ́ kí ìbọn tó dọ́wọ́ ọ̀dọ́, ìbéèrè mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ta ni yóò máa pàṣẹ fún un? Ta ló lè dá a dúró bó bá ṣìwà hù? Ta ni yóò gba ìbọn náà padà, tí yóò sì tọ́jú ọmọ yẹn nígbà tí iṣẹ́ bá parí? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé a ò tíì dé irú ibẹ̀ rí. A débẹ̀ ní 1967, a sì rí bó ṣe rí.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 6, oṣù keje, 1967, ṣọ́jà Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Nígbà tó fi máa parí ní oṣù kìíní, 1970, wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000. Ẹ fi iye kejì wé ti àkọ́kọ́ ná. Kì í ṣe pé ìjọba àpapọ̀ ṣòfin tó fi tipátipá mú ọ̀dọ́ wọ ṣọ́jà. Àwọn ọmọ náà ló yọ̀ǹda ara wọn. Ẹlòmíì lọ nítorí ìfẹ́ ìlú, ẹlòmíì lọ nítorí owó oṣù, ẹlòmíì lọ nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n tún ké sí àwọn bàbá tó ti jagun Bọ́mà rí pé kí wọ́n wá gbé ìbọn lẹ́ẹ̀kan síi. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yẹn níṣẹ́, ó di ojú ogun.

Ta ló gbà wọ́n? Ikọ̀ mẹ́ta ni. Mohammed Shuwa ló ń darí ikọ̀ kìíní tó gba Nsukka wọ Enugu. Murtala Muhammed ló ń darí ikọ̀ kejì, tí wọ́n kó jọ pẹ̀lú ìkánjú nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba ilẹ̀ Àárín Ìwọ̀-Oòrùn nínú oṣù kẹjọ, 1967, tí wọ́n sì ń bọ̀ ní ọ̀nà Èkó títí wọ́n fi dé Ọ̀rẹ̀. Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kaduna, ló ń darí ikọ̀ kẹta. Èkó níbí ni wọ́n ti kó àwọn àkọ́kọ́ nínú ọmọ ogun tiẹ̀ jọ, tí ọkọ̀ ojú omi fi gbé wọn lọ sí Bonny nínú oṣù keje ọdún náà. Adékúnlé fúnra rẹ̀ ló sọ ikọ̀ náà ní Marine Commando. Àwọn oníròyìn sì sọ òun náà ní Àkéekèé Dúdú.

Olórí ìjọba ni Yakubu Gowon lórúkọ. Àmọ́ lójú ogun, ọ̀gágun kọ̀ọ̀kan ń ṣe bí ọba ni. Ẹ wo ti Onitsha. Ọ̀gá àgbà ní Èkó kò fẹ́ kí Murtala sọdá odò Ọya láti Asaba, wọ́n ní kó gba ibi tó rọrùn. Murtala ní òun á sọdá. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lé e padà. Ó tún gbìyànjú, bákan náà. Àwọn ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi wọ̀nyẹn ló bá a lọ. Nígbà tó yá, ó gba ọ̀nà Idah lọ, ó sì wọ Onitsha láti orí ilẹ̀ nínú oṣù kẹta, 1968. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Biafra dènà de ọ̀wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní Abagana, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀. Kò sí ìwé òfin kan tó sọ pé kí ọ̀gágun máa dá ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ẹni tó rán an níṣẹ́ ò lè sọ pé kó dúró. Àwọn Yorùbá ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tá a ó jẹ́ ẹ fún. Ní 1967, ẹni tó rán ni níṣẹ́ gan-an ló ń bẹ̀rù ẹni tó rán.

Ẹni tí Onitsha kò bá yé, kó wo Asaba. Gowon ti ṣe ìlànà ìwà fún àwọn ṣọ́jà ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun náà. Ìlànà náà sọ pé wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aboyún, ọmọdé àti ẹni tó bá ti juwọ́ sílẹ̀. Ìwé dáadáa ni. Nínú oṣù kẹwàá, 1967, àwọn ọmọ ogun ikọ̀ kejì wọ Asaba. Àwọn ará ìlú jáde wá pẹ̀lú ijó àti aṣọ àkwà ọ̀ṣá funfun láti fi hàn pé Nàìjíríà kan ṣoṣo làwọn náà fẹ́. Wọ́n ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, wọ́n sì yìnbọn pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin àti ọmọkùnrin. Ìlànà wà lórí tábìlì ní Èkó, òkú wà nílẹ̀ ní Asaba. Ọdún 2002 ni Gowon tó lọ síbẹ̀ lọ tọrọ àforíjì, lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé, "Ìwọ Yorùbá yìí, Adékúnlé tiwa ńkọ́?" Ẹ jẹ́ ká sọ tirẹ̀ náà. Akin ni ọkùnrin yẹn. Ó gba Bonny, ó gba Calabar, ó gba Port Harcourt nínú oṣù karùn-ún, 1968. Lẹ́yìn náà ló kéde pé òun fẹ́ gba Owerri, Aba àti Umuahia ní wéréwéré. Ó gba Aba àti Owerri lóòótọ́ nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Àmọ́ ikọ̀ rẹ̀ ti nà kọjá agbára. Biafra ká wọn mọ́ inú Owerri fún oṣù púpọ̀, títí wọ́n fi já ara wọn gbà jáde ní oṣù kẹrin, 1969. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Gowon mú Adékúnlé kúrò, tó fi Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sípò rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, olórí tuntun ti wà nínú ikọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbà tí olórí ìjọba tó gba ìjánu padà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gágun rẹ̀ ni ogun tó rí ọ̀nà òpin. Oṣù mẹ́jọ péré lẹ́yìn tí Adékúnlé kúrò ni Biafra juwọ́ sílẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ Biafra náà, ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀. Ọmọ Yorùbá ni Victor Bánjọ tí Ojukwu fi ṣe olórí àwọn tó wọ Benin. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ohun tí ọ̀gágun ní lọ́kàn kò bá ti olórí mu mọ́. Bánjọ ń rò nípa ìjọba tuntun fún gbogbo Nàìjíríà. Ojukwu ń rò nípa Biafra. Nínú oṣù kẹsàn-án, 1967, Ojukwu ní kí wọ́n yìnbọn pa Bánjọ àti àwọn mẹ́ta míì nílùú Enugu. Àwọn ọmọ tó tẹ̀lé e dé Ọ̀rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n sá padà, wọn ò sì mọ ẹni tí wọ́n ń jagun fún gan-an.

Ẹ tún wo ìlẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ nígbà yẹn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló di owó ìjọba mú. Ogun náà ń jẹ owó, owó náà sì gbọ́dọ̀ wá láti ibì kan. Owó orí ń ga lẹ́yìn ọrùn àgbẹ̀ nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan. Bí àwọn àgbẹ̀ ṣe dìde nìyẹn, tí wọ́n ní Àgbẹ́kọ̀yà ni àwọn. Ìbọn ìbílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, Tàfá Adéoyè sì wà lára àwọn olórí wọn. Ní 1969, wọ́n wọ ẹ̀wọ̀n Àgọ́dì n'Íbàdàn, wọ́n kó àwọn èèyàn wọn jáde. Ìbọn ìjọba kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó parí rẹ̀ ni pé Awólọ́wọ̀ tọ Adéoyè lọ nínú igbó, wọ́n jọ sọ̀rọ̀, owó orí sì wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: àwọn Àgbẹ́kọ̀yà mọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n ní olórí tí èèyàn lè bá sọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́n sì rí i gbà, wọ́n padà sóko. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ìbọn lónìí ò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìbéèrè kẹta ló wá dùn mí jù. Nígbà tí ogun parí, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìbọn, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó gbé e? Ẹni tó bá dàgbà ní Èkó kò ní pẹ́ dáhùn. Ìdigunjalè gbòde. Ọdún tí ogun parí gan-an, 1970, ni ìjọba Gowon ṣòfin pé pípa ni kí wọ́n máa pa adigunjalè. Ní 1971, ìlú ń rọ́ lọ sí Bar Beach láti wòran bí wọ́n ṣe ń yìnbọn pa wọ́n, Ìṣọ̀lá Oyènúsì wà lára wọn. Mi ò sọ pé gbogbo adigunjalè ló jẹ́ ṣọ́jà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbọn tó wọ ìlú fún ogun kò bá ogun jáde.

Àwọn ọ̀gágun ńkọ́? Ní ọjọ́ 29, oṣù keje, 1975, Gowon lọ sí ìpàdé ní Kampala, wọ́n sì gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Murtala ló jókòó síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa Murtala nínú oṣù kejì, 1976, Ọbásanjọ́ ló gbà á. Àwọn tí olórí ìjọba ò lè pàṣẹ fún lójú ogun ló wá ń pàṣẹ fún gbogbo wa.

Ẹ má rò pé ìṣòro yìí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ṣọ́jà dé. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Láàtọ́ọ̀sà ni ọ̀gágun Ìbàdàn, Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi wà lódì kejì. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó níbí ló ń kówó jọ, tí wọ́n ń ra ìbọn òyìnbó ránṣẹ́ sílé. Aláàfin Adéyẹmí Kìíní fúnra rẹ̀ ń bẹ gómìnà Èkó pé kó bá òun parí ogun tí ọba Ọ̀yọ́ kò lè parí mọ́. Láàtọ́ọ̀sà kú sí bùdó ogun ní 1885. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Ṣùgbọ́n bùdó kò tú tán títí di 1893! Ọdún méje gbáko lẹ́yìn àdéhùn ni àwọn jagunjagun ṣì jókòó sójú ogun, nítorí pé ogun ti di iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun.

Ẹni tó bá sọ pé àtijọ́ nìyẹn, kó gbọ́ ìròyìn Sudan. Ní 2003, ìjọba Omar al-Bashir gbé ìbọn fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kan ní Darfur pé kí wọ́n bá òun lé ọlọ̀tẹ̀. Janjaweed ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní 2013, ó sọ wọ́n di ikọ̀ tí a mọ̀ sí RSF, Hemedti sì ni olórí wọn. Ní 2019, Hemedti wà lára àwọn tó lé Bashir fúnra rẹ̀ kúrò. Lọ́jọ́ 15, oṣù kẹrin, 2023, òun àti olórí ṣọ́jà, Burhan, kọjú ìbọn síra wọn ní Khartoum, ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ Sudan. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n gbà láti ṣọ́ ilé ló jó ilé náà.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, ní Maiduguri, àwọn ọ̀dọ́ dìde sí Boko Haram ní 2013 pẹ̀lú igi àti àdá. Ìlú yẹn ni wọ́n ti yìnbọn pa Shuwa, ọ̀gágun ikọ̀ kìíní tí mo dárúkọ lókè, nínú ilé rẹ̀ ní 2012. Àwọn ọ̀dọ́ náà ṣe bẹbẹ. Ọ̀pọ̀ ló kú. Àmọ́ kò sí ìwé tó tò wọ́n dáadáa, ó sì tó 2017 kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àjọ UNICEF pé wọn ò ní gba ọmọdé sẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti Àmọ̀tẹ́kùn. Ọjọ́ 9, oṣù kìíní, 2020 ni àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣí i n'Íbàdàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀, Abubakar Malami, fi sọ pé kò bófin mu. Àwọn ìpínlẹ̀ wá lọ ṣòfin tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Abala 214 ìwé òfin Nàìjíríà ṣì sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló wà. Nítorí náà, ọmọ tó wọ aṣọ Àmọ̀tẹ́kùn lónìí, gómìnà ló ń san owó oṣù rẹ̀, kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá lè mú un, ṣọ́jà lè gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí agbébọn bá pa á, ṣé ìyàwó rẹ̀ mọ ọ́fíìsì tí yóò kàn?

Àwọn kan á ní, "Olè ti wọlé, ìwọ ń béèrè ìwé." Ọ̀rọ̀ wọn lágbára, nítorí ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé ò ní àkókò fún abala òfin. Àmọ́ ohun tí wọ́n sọ ní 1967 náà nìyẹn. Ìkánjú ni wọ́n fi kó ikọ̀ kejì jọ, ìkánjú yẹn náà ló gbé wọn dé Asaba. Ìwé tí mò ń béèrè kò gba ọdún kan láti kọ. Kí orúkọ, àwòrán àti ìka gbogbo ẹni tó bá gbé ìbọn wà nílẹ̀, kí ìbọn kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà. Kí òfin dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó ń pàṣẹ, kí ó má jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Kí ìgbìmọ̀ kan wà tí ará ìlú lè fẹjọ́ sùn, tí adájọ́ àti aṣojú ọba, oníṣọ́ọ̀ṣì, onímọ́sáláásì àti ìyálọ́jà wà níbẹ̀. Kí owó ìtọ́jú ẹni tó bá fara pa àti owó ẹbí ẹni tó bá kú wà nínú ìṣúná kí wọ́n tó ra ìbọn àkọ́kọ́. Kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọn yóò tún òfin náà yẹ̀ wò, kó má baà di bùdó Kírìjì.

Ìbò ọdún 2027 ń bọ̀. Olóṣèlú á wá sí Ọ̀yìngbò, á wá sí Mushin àti Yaba, á sọ pé òun á dá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, èèyàn á pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó sọ tán. Kẹ́ ẹ wá bi í pé: ọmọ ta lẹ fẹ́ gbé ìbọn fún, ta ló lè dá a dúró bí gómìnà bá ní kó lọ lu alátakò, ta ni yóò sì gba ìbọn náà padà? Bí kò bá rí ìkẹta dáhùn, ẹ má tíì fún un ní ọmọ yín.